Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà: Ọkọ̀ Tó Fẹ́ Sáré Gbọ́dọ̀ Kọ́kọ́ Lè Dúró

Ọ̀rọ̀ tá a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ oríkì. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. A mọ̀ pé yóò bí àwọn kan nínú, àwọn tó sì máa bí nínú jù lọ, ọ̀rẹ́ wa ni wọ́n. Síbẹ̀, a ó sọ ọ́.

Ọ̀rẹ́ wa kan wà, ẹ jẹ́ ká pè é ní Àjàní. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Houston ti ṣèlérí pé òun yóò bá a ra Ford Mustang ọdún 2013, ẹlẹ́ńjìnnì V6, ní ọjà gbàǹjo, àti pé ọkọ̀ náà yóò ti gúnlẹ̀ sí Èkó kí a tó kọ ìdánwò àṣekágbá. Láti ọjọ́ náà ni Àjàní kò ti rí oorun sùn mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ṣí fóònù rẹ̀, ó fi ohun tó fẹ́ ṣe sí ọkọ̀ náà hàn wá. Ó ti tò ó sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Àkọ́kọ́, yóò yọ sàlẹ́ńsà kúrò kí ọkọ̀ lè máa bú bí kìnnìún. Èkejì, yóò gé sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè lọ sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, rim ńláńlá. Ẹ̀kẹrin, gíláàsì dúdú. Ẹ̀karùn-ún, ọ̀rá aláwọ̀ búlúù tí wọn yóò fi lẹ ara ọkọ̀ yípo. Ẹ̀kẹfà, gbohùngbohùn tí yóò máa mi ilẹ̀ tìtì.

Ó ní, “Ó parí.” Nǹkan mẹ́fà. A wò ó lọ, a wò ó bọ̀. Kò sí bíréèkì níbẹ̀. Kò sí táyà níbẹ̀. Kò sí pé kí ẹnikẹ́ni yẹ ọkọ̀ náà wò kí owó tó jáde. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Èje tí Àjàní kò kọ, òun la wá kọ síbí.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. Àwa kì í ṣe ọ̀tá ọkọ̀. Ta ni kò fẹ́ràn ọkọ̀ tó dáa? Àwọn ará wa fẹ́ràn ọkọ̀ débi pé wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ bí ẹní sọ ọmọ. Àwọn tó ṣe Camry kò pè é ní Muscle. Àwọn tó ṣe Accord kò pè é ní End of Discussion, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò pe èyí tó tẹ̀ lé e ní Discussion Continues. Àwa ọmọ Nàìjíríà la sọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Méjì nínú àwa mẹ́rin tá a ń kọ èyí lè wà nínú yàrá kí wọ́n gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì lójú títì, kí wọ́n sì sọ irú ọkọ̀ tó ń kọjá. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìlara ló ń ṣe wá. Ẹni tó bá fẹ́ràn nǹkan ní í tọ́jú rẹ̀.

Ohun tá a ń sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: owó ìdúró ló yẹ kó ṣáájú owó ariwo.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ, torí iṣẹ́ tiwa nìyẹn. Tòkunbọ̀ là ń pe ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tó wá padà wálé. Orúkọ yẹn náà la fún ọkọ̀ àlòkù tó gba orí omi dé. Bí ọmọ tó ń jẹ́ Tòkunbọ̀ bá dé, ìbéèrè ni màmá àgbà kọ́kọ́ máa ń bi àwọn òbí rẹ̀: Kí ló ń jẹ? Kí ni kì í jẹ? Àìsàn wo ló ti ṣe é rí? Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ńkọ́? A óò fọ̀ ọ́, a óò kùn ún lọ́dà, a óò ya fọ́tò níwájú rẹ̀. A kì í béèrè ohun tó lé e kúrò nílé.

Nǹkan sì máa ń lé e. Ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká sọ lọ́dún 2020 pé láàárín 2015 sí 2018, ọkọ̀ àlòkù mílíọ̀nù 14 ló kúrò ní Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà lọ sí ilẹ̀ mìíràn, àti pé Áfíríkà ló gba ìpín tó pọ̀ jù. Kì í ṣe gbogbo wọn ló bàjẹ́ o. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ọkọ̀ tòkunbọ̀ gbé lọ síléèwé ní kékeré, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọjà gbàǹjo Amẹ́ríkà tí ẹ̀gbọ́n Àjàní fẹ́ lọ yìí, ibẹ̀ náà ni àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò ti máa ń ta ọkọ̀ tí ìjàǹbá ti bà jẹ́ tàbí tí omíyalé ti bò mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà “salvage” máa ń wà lórí ìwé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá wá dé ọwọ́ páńẹ́lì-bítà wa níhìn-ín, tó gba ọ̀dà tuntun, tó ń dán yanran, ta ni yóò tún mọ̀?

Nọ́ńbà ọkọ̀ mọ̀. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1981 ló ní nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní VIN, lẹ́tà àti òǹkà 17 ni àpapọ̀ rẹ̀. Èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún ọkọ̀. D ni ti 2013. Bí ẹni tó ń tà á bá ní 2013 ni, tí ẹ sì rí B níbẹ̀, 2011 ni, irọ́ ló ń pa fún yín.

Nọ́ńbà yìí náà ni ẹ ó fi mọ ọ̀rọ̀ airbag, èyí tó ń kó wa lọ́kàn sókè jù lọ. Airbag ni àpò tó ń wú jáde láti inú sítíárìn, tó ń gba àyà awakọ̀ bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Iléeṣẹ́ Takata ti ilẹ̀ Japan ṣe irú kan tí kẹ́míkà inú rẹ̀ máa ń bàjẹ́ bí ooru àti ọ̀rinrin bá ti ń bá a jà fún ọdún púpọ̀. Dípò kó wú, ó lè bú gbàmù, kó sì fọ́n irin sí ẹni tó jókòó sẹ́yìn sítíárìn lójú àti lọ́rùn. Ó ti pa ènìyàn. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 irú airbag bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kí àwọn ènìyàn dá padà wá pààrọ̀ ní Amẹ́ríkà. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nínú ìtàn ọkọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Mustang ti 2005 sí 2014 wà nínú àwọn ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹ tún un kà: ooru àti ọ̀rinrin, fún ọdún púpọ̀. Ìbàdàn ńkọ́? Èkó ńkọ́?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó wà lókè òkun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin là ń bá sọ̀rọ̀ níbí. Ẹ̀yin lẹ wà nítòsí ọkọ̀ kó tó gbéra. Ẹ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, sí ojúewé NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀. Ẹ tẹ nọ́ńbà 17 yẹn sí i. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, kò sì ní gba kọ́bọ̀. Bí ó bá sọ pé iṣẹ́ kan wà tí wọn kò tíì ṣe lára ọkọ̀ náà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irú rẹ̀ ní tuntun. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa ń ṣe é níbẹ̀. Bí ẹ bá ti fi í sínú ọkọ̀ ojú omi láìṣe é, ta ni yóò bá wa ṣe é ní Ládípọ̀? Ẹ̀bùn tó lè gba ẹ̀mí àbúrò ẹni kì í ṣe ẹ̀bùn.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí nǹkan mẹ́fà Àjàní.

Yíyọ sàlẹ́ńsà: bí wọ́n bá ti ń yọ ọ́, wọ́n sábà máa ń yọ kátálíìsì mọ́ ọn. Irin olówó iyebíye bíi platinum àti palladium wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń bá ẹlòmíì yọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ bí ẹní ń ṣe lóore, tí wọ́n á sì lọ tà á. Iṣẹ́ kátálíìsì ni pé kó pa oró inú èéfín ọkọ̀, pàápàá carbon monoxide, èyí tí kò ní òórùn, tí kò sì ní àwọ̀. Bí wẹ́dà bá wá jó páìpù náà pọ̀ tí kò dí dáadáa, tí ẹ gbé gíláàsì sókè, tí ẹ tan ẹ̀rọ amúlétutù, oorun lè gbé yín lọ kí ẹ má jí mọ́. A kò tíì sọ ti ariwo. Ẹni tó ní ìdánwò láago mẹ́jọ àárọ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jà tí ọkọ̀ fi ní láti bú sí i létí láago méjì òru.

Gígé sípíríǹgì: ta la fẹ́ tàn jẹ? Kòtò kún ọ̀nà wa, bọ́ńpù wà lẹ́nu géètì gbogbo. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí lókè òkun kì í fi ayùn gé sípíríǹgì. Wọ́n máa ń ra èyí tó kúrú tí wọ́n dìídì ṣe fún ọkọ̀ náà, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tó bá a mu. Èyí tí a fi ayùn gé kì í jókòó dáadáa mọ́. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá já sínú kòtò, ó lè yẹ̀ kúrò nípò rẹ̀ lórí eré.

Rim ńlá: bí rim bá ṣe tóbi tó ni rọ́bà tó yí i ká máa ń fẹ́lẹ́ tó. Kòtò kan péré, rim á tẹ̀, táyà á bẹ́. Gíláàsì dúdú: òfin tó de é ti wà láti 1991, nígbà tí a kò tíì bí ìkankan nínú wa. Bí ìwé àṣẹ kò bá sí, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín fún ọlọ́pàá ní ohun tó máa sọ. Ọ̀rá búlúù: àwọ̀ ọkọ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀. Bí ìwé bá ní funfun, tí ojú rí búlúù, ẹjọ́ kejì nìyẹn. Ní ti gbohùngbohùn, a kò ní sọ púpọ̀. Kó ṣáà má jẹ́ òun ni kò ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ igbe ẹni tó ń sọdá.

Èje wá dà? Èje ni ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró.

Corolla 2013 tí Àjàní fi kọ́ ọkọ̀ wíwà ní agbára ẹṣin 132. Mustang V6 ọdún kan náà ní 305. Lórí eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, tí í ṣe òté ìjọba lójú ọ̀nà márosẹ̀, ọkọ̀ ń lọ ní nǹkan bíi mítà 28 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ọpọlọ tó sọ fún ẹsẹ̀ pé kó tẹ bíréèkì, mítà 28 ti lọ. Bí a bá sì sọ eré di ìlọ́po méjì, agbára tí bíréèkì gbọ́dọ̀ pa kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Ẹ wá ronú nípa pádì tó ti jẹ tán, àti omi bíréèkì tí ẹnikẹ́ni kò pààrọ̀ láti ọdún tó ti pẹ́. Omi bíréèkì máa ń fa ọ̀rinrin sára. Bí ó bá gbóná jù, ọ̀rinrin yẹn á hó, ẹsẹ̀ á wọlẹ̀ ṣìn-ìn, ọkọ̀ kò sì ní dúró.

Táyà náà ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún ẹni tó bá lè kàwé. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ DOT sí. Òǹkà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2314 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2014. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe táyà ní kò gbọdọ̀ ju ọdún 10 lọ lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, bó ti wù kó máa dán tó. Síbẹ̀, a rí ẹni tó ra rim tuntun, tó wá lọ fi táyà tòkunbọ̀ tó ti gbó sí i lára. Aṣọ àrán lórí egbò.

A ní nǹkan tá a fẹ́ jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ tí àwọn tó ṣáájú wa kọ ìdánwò àṣekágbá tán lọ́dún tó kọjá, àwọn kan háyà ọkọ̀ àtijọ́ kan kó wá máa pòòyì fún wọn. Agbo yí i ká. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀, a ń pariwo, a gbé fóònù sókè. Ní ìpòòyì kẹrin tàbí ìkarùn-ún, táyà ẹ̀yìn bẹ́. Ọkọ̀ yọ̀ kúrò lójú agbo, ẹsẹ̀ kò bá ẹsẹ̀, ó sì lọ dúró síwájú igbá ìyá ẹlẹ́pà kan. Ẹ̀pà fọ́n ká ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fara pa. A rẹ́rìn-ín, a gbé fídíò náà síta.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀kan nínú wa ní ká lọ san owó ẹ̀pà. A débẹ̀, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, obìnrin kúnlẹ̀, a na owó sí ìyá náà. Ó gbà á, ó kà á. Ó wá ní, “Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ọmọ mi. Owó ẹ̀pà rèé. Èyí tó wà lẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà ńkọ́, èló lẹ bá san?” Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló pọ̀n. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó rí ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tá a padà lọ wo fídíò wa, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́: fìlà pupa kékeré lẹ́yìn ìyá àgbà, ó ń sùn.

A ti pa fídíò náà rẹ́. Kò tíì kúrò lójú wa.

Àwọn kan yóò sọ pé, “Owó mi ni.” Owó rẹ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà kì í ṣe tìrẹ. Ẹni tó bá ju òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Àwọn mìíràn yóò ní, “Ọjọ́ ikú kò yẹ̀.” Ẹni tó ń sọ èyí kì í fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ láìtì í lóru. Àwọn mìíràn yóò ní wọ́n ń ṣe é lókè òkun. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe níbẹ̀ máa ń sanwó wọ pápá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún eré sísá, pádì, omi bíréèkì àti táyà sì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń pààrọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Ariwo nìkan la wò kọ́ lára wọn, a kò kọ́ ọgbọ́n tó ṣáájú ariwo.

Àjàní, ọ̀rẹ́ wa, a mọ̀ pé wàá ka èyí, a sì mọ̀ pé wàá bínú. Bínú tán, kí o wá ṣí fóònù rẹ. Má pa nǹkan mẹ́fà yẹn rẹ́, sún un sísàlẹ̀ ni. Kọ èyí sókè rẹ̀: kí ẹ̀gbọ́n mi yẹ VIN wò kó tó sanwó. Kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ airbag kí ọkọ̀ tó gbéra. Pádì àti omi bíréèkì tuntun. Táyà mẹ́rin tí ọjọ́ orí wọn kò pọ̀, tí wọ́n sì bá eré ọkọ̀ náà mu. Ìwé adójútòfò gidi. Ẹgbẹ̀rún 15 náírà ni èyí tó kéré jù láti 2023, ti ẹni tí o bá ṣe lọ́ṣẹ́ ló sì wà fún, kì í ṣe ti ọkọ̀ rẹ. Lẹ́yìn náà, oṣù mẹ́ta gbáko tí wàá fi wa ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́ títí ẹsẹ̀ rẹ yóò fi mọ̀ ọ́n. Bí owó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn èyí, o lè fi ọ̀rá búlúù lẹ̀ ẹ́, bí o bá ti lè tún ìwé rẹ̀ ṣe.

Tiwa náà nìyí. Àwa mẹ́rin kò ní dúró sí agbo ọkọ̀ tó ń pòòyì mọ́, a kò ní gbé fóònù sókè fún un, a kò sì ní dá owó sí i nígbà tí ìdánwò tiwa bá parí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ bá wa ṣe é bẹ́ẹ̀. Agbo ló ń mú ọkọ̀ pòòyì. Bí kò bá sí agbo, awakọ̀ á sinmi.

Àjàní, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ rẹ bá gúnlẹ̀, a ó bá ọ lọ sí Aráròmí ní Agodi-Gate lọ wá pádì bíréèkì. A ti ń dá owó rẹ̀ jọ. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la máa san án.

Ire o.